Sí Mojísọ́lá, Ṣáájú Asẹ́ńbílì Ọjọ́ Ajé

Àjíkẹ́ mi,

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ ti sọ ọ́, èmi náà sì ń tún un sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá: ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, lórí asẹ́ńbílì, ní ìlú Òkukù, ọ̀rọ̀ àwọn Ísírẹ́lì àti àwọn Palẹsítínì yóò parí pátápátá, a ò sì ní gbọ́ ọ mọ́ láyé. Àwọn olórí ayé ti jókòó lé e lórí títí ìdí fi ro wọ́n. Àwọn adájọ́ ti ṣí ìwé, àwọn ológun ti yọ ìbọn, àwọn olùṣọ́àgùntàn ti gbààwẹ̀. Kò yanjú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ ti wò ó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó o, láàárín orin orílẹ̀-èdè àti agogo kíláàsì àkọ́kọ́, àti pé ìwọ Mojísọ́lá, tí o kò tíì lo oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, ni yóò bọ́ síwájú sọ ẹni tó ni ilẹ̀.

Mo kí gbogbo ayé kú oríire.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tò ó bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ lórí fóònù lánàá, kí o lè tún un ṣe bí mo bá ṣì í gbọ́, nítorí gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dùn ni màmá rẹ ń gba fóònù lọ́wọ́ mi. O ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ìtàn. Ẹ dé orí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn, kíláàsì sì pín sí méjì bí ẹni fi àdá là á: àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì níhìn-ín, àwọn ọmọ mọ́ṣáláṣí lọ́hùn-ún. O kò na ẹnikẹ́ni, o kò sì pariwo. O ní kí olúkúlùkù lọ sílé, kí ó kọ ìtàn náà láti ẹnu àwọn tí òun kò gbè lẹ́yìn, kí ó sì kọ ọ́ dáadáa débi pé bí àwọn tó ni ìtàn bá gbọ́ ọ, wọn yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí."

Ọmọ díákónì kan lọ sílé, ó kọ ọ́ pé: "Wọ́n lé wa kúrò nílé bàbá wa. A tilẹ̀kùn, a rò pé ọ̀la la ó padà." Ọmọbìnrin àáfà kan kọ tirẹ̀: "Gbogbo ayé ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, àfi ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa ń kọjú sí gbàdúrà." Díákónì ṣí ìwé ọmọ rẹ̀, ó figbe ta pé wọ́n ti sọ ọmọ òun di mùsùlùmí. Àáfà ṣí ìwé ọmọ tirẹ̀, ó ní wọ́n ti ri ọmọ òun bọmi. Àwọn méjèèjì pàdé lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n lé ọ. Àjíkẹ́, láti ìgbà tí mo ti ń ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ tó mú kí ìhà méjèèjì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ọ̀gá wá ní àfi kí o bọ́ síwájú asẹ́ńbílì, kí o ní o ti ṣi àwọn ọmọ lọ́nà, kí o sì sọ ìhà tó jàre. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní gbà ọ́ síṣẹ́ pátápátá nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé. O bi í pé ìhà wo ni. Ó ní, "Ìhà tí kò ní dá wàhálà sílẹ̀." O wá dá a lóhùn pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Mi ò lè sọ ẹni tí wọ́n máa kórìíra."

Nígbà tí o sọ gbólóhùn yẹn, mo gbé fóònù kúrò létí, mo ń wò ó. Màmá rẹ ní, "Kí ló dé?" Mo ní kòkòrò kó sí mi lójú. Kò gbà mí gbọ́. Ogójì ọdún ni mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú, kòkòrò kan ò kó sí mi lójú rí nítorí ohun tí ọmọ kan sọ.

O ní kí n sọ ohun tí o máa ṣe lọ́jọ́ Ajé. Mi ò ní lè sọ ọ́ lórí fóònù, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé, tí ìwé sì fi gùn; awakọ̀ Òkukù yóò mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ nírọ̀lẹ́ òní. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ kọ́ ni mo fẹ́ yọ hàn ọ́. Àkísà ni.

Èyí àkọ́kọ́, mo ti ń fi í pamọ́ fún ọ láti kékeré rẹ. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, olùkọ́ tuntun ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìnísà, ṣòkòtò mi gbó ṣùgbọ́n ojú ìlà rẹ̀ mú bí abẹ. Ìmọ̀ Bíbélì ni mo ń kọ́ wọn. Àwòrán ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn Bíbélì mi. Mo so ó kọ́ ara ògiri, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé òun náà ni àwòrán ilẹ̀ ti òní. Pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí ni àwọn tó ru àpótí ẹ̀rí kọjá odò Jọ́dánì, pé àwọn tó ń bá wọn jà sì ni ìdílé Gòláyátì. Mi ò kà á níbì kankan. Ó kàn dùn lẹ́nu mi ni. Kíyè sí ohun tó bá ń dùn lẹ́nu olùkọ́, Àjíkẹ́. Àfi kí ó tọ́ ọ wò dáadáa kí ó tó bù ú fún ọmọ ọlọ́mọ.

Pákó lásán ló pín kíláàsì mi níyà kúrò lára ti Àáfà Ràúfù, tó ń kọ́ ìmọ̀ Ìsìláàmù. Ẹgbẹ́ ni wá. A jọ ń jẹun. Bí Iléyá bá dé, ó ń gbé ẹran wá fún mi. Bí Kérésì bá dé, mo ń gbé ìrẹsì lọ fún un. Òun náà, mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pákó, ó ń sọ fún àwọn tirẹ̀ pé gbogbo Júù ayé òde òní ni àwọn tó da májẹ̀mú ní Mẹ̀dínà láyé Ànábì. Òun náà, ó ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ tó jókòó sídìí pákó ń gbọ́ ohùn àwa méjèèjì, wọ́n sì ń kọ méjèèjì sílẹ̀. Ó yẹ kí n ti wo ìwé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Àwọn nìkan ló kàwé nínú gbogbo wa.

Ní ìparí sáà, mo ní a ó ṣe eré Dáfídì àti Gòláyátì. Ọmọ tó ga jù nílé ẹ̀kọ́ ni Múfú, ọmọ mùsùlùmí, onírẹ̀lẹ̀, tí kì í lè pa eṣinṣin. Mo ní òun ni Gòláyátì. Mo wá lọ bá Ràúfù pé kó yá mi ní láwàní.

Ó ní, "Ẹ fẹ́ fi ṣe kí ni, Tíṣà?"

Mo ní, "Eré àwọn ọmọ ni."

Ó ní, "Ẹ má mú ti àtijọ́ yẹn, ó ti ṣá. Ẹ gba tuntun." Ó sì wé e sí mi lórí, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń wé e. Ó ní ó yẹ mí.

Ọjọ́ eré pé. Àwọn òbí kún ìta, Ràúfù wà níwájú lórí àga. Múfú jáde pẹ̀lú láwàní lórí. Ìwé tí a rún pọ̀ bí òkúta ni Dáfídì fẹ́ sọ lù ú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi tó wà nísàlẹ̀, àwọn tí mo ti kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sẹ́yìn, kò dúró de Dáfídì. Wọ́n ṣa òkúta wẹ́wẹ́ nílẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n ń kọrin ìṣẹ́gun. Ọ̀kan ba Múfú lókè ojú. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ọmọ náà dúró gbọnin, ó rò pé bóyá ó wà nínú eré.

Ràúfù dìde. Kò pariwo. Ó gòkè wá, ó tú láwàní kúrò lórí ọmọ náà díẹ̀díẹ̀, ó fi nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀, ó sì fà á lọ́wọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ ò sọ fún mi pé òkò ni wọ́n máa sọ sí i."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Mo ti ń fi òwe yẹn kọ́ àwọn ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ń bi wọ́n léèrè ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìdánwò. Múfú ti di bàbá àgbà báyìí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà níbí ní Ìkìrun, àpá náà ṣì wà lókè ojú rẹ̀. Bí mo bá kọjá, á ní, "Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o, Gòláyátì ò tíì kú." Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà nínú ẹ̀rín. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí: má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ aṣọ òkú fún alààyè nínú kíláàsì rẹ. Ẹni tó wà nínú Ìwé Mímọ́ wà nínú Ìwé Mímọ́. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lónìí, tó ń ra búrẹ́dì, tó ń mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́, ẹlòmíràn ni. Kó o má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí lásán ni. Kristẹni wà nínú àwọn Palẹsítínì tí ìjọ wọn ti ń kọrin kí àwọn babańlá Gẹ̀ẹ́sì tó mú ìsìn wá fún wa tó mọ orúkọ Jésù. Bí mo bá sọ ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n á wò mí bíi pé mo jí owó ìdámẹ́wàá.

Iléyá ọdún náà dé, ẹran ò dé. Màmá rẹ, tí mo ń fẹ́ sọ́nà nígbà náà, ní, "Ẹran Àáfà ò wá lọ́dún yìí." Mo ní bóyá àgbò wọ́n. Ó ní, "Àgbò mẹ́ta ni wọ́n pa. Mo rí wọn." Ọjọ́ kẹta, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹgbẹ́ mi. Ó ní, "Ẹ dìde, Tíṣà, ẹ ń ba aṣọ jẹ́." Ó bu omi fún mi. A ò sọ̀rọ̀ eré náà. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Kò parí. Ẹ̀bẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn ni, kì í gbálẹ̀ ilé.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ràúfù lọ sí Mẹ́kà. Ó dé, ó sọ fún mi nípa bàbá arúgbó kan tí wọ́n jọ jókòó nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ Palẹsítínì, tí wọ́n lé kúrò nílé nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní bàbá náà ka iye àtẹ̀gùn iwájú ilé bàbá rẹ̀ fún òun: mẹ́sàn-án. Ó ní ìkẹfà sán díẹ̀, pé ìyá òun máa ń pariwo pé kí wọ́n ṣọ́ra níbẹ̀. Kò tíì fojú kan ilé náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ní ọdún yẹn kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ẹ ń pè ní Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì, bá àwọn èrò ìrìn àjò lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ìyá arúgbó kan ń fún wọn ní tíì ní ilé àlejò. Ẹ̀gbọ́n mi rí nọ́ńbà tí wọ́n fín sí i lápá, ó bi í tìdùnnú-tìdùnnú pé ṣé nọ́ńbà tẹlifóònù ni, kí òun lè máa rántí pè é. Ìyá náà ní rárá. Ó ní àwọn kan ló fín in sí òun lára ní Yúróòpù nígbà tí òun wà lọ́mọbìnrin, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Júù, pé gbogbo ilé òun ló kú, òun nìkan ló kù. Ó ní lẹ́yìn ogun, òun kan ilẹ̀kùn títí, ibí yìí nìkan ni wọ́n ti ṣí i.

Mo sọ ọ́ fún Ràúfù bí ó ti rí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ò bi ìyá náà pé ilé ta ló wọ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ò bi bàbá yẹn pé ta ló lé ìyá náà kúrò nílé tirẹ̀?"

Ìyàwó rẹ̀ gbé iyán wá, a sì jẹ ẹ́, ọwọ́ ń kan ọwọ́ nínú abọ́. Mo ti ka ìwé púpọ̀ láti ọjọ́ náà wá, mi ò tíì rí èyí tó dá ìbéèrè méjèèjì lóhùn lójú ewé kan ṣoṣo. Àwọn tó dá ọ̀kan lóhùn pọ̀. Wọ́n nípọn, wọ́n sì ní àwòrán.

Àjíkẹ́, ohun tó gbà mí ní ọdún mẹ́wàá àti láwàní ọlọ́láwàní kí n tó mọ̀ ọ́n, ìwọ fi iṣẹ́ àṣetiléwá kan kọ́ ọmọ SS2. Ṣé o wá mọ ìdí tí kòkòrò fi kó sí mi lójú?

Èkejì. Bi olúkúlùkù ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀.

Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, bàbá mi mú mi lọ sí oko wa, ó fi igi ọsàn kan hàn mí, ó ní, "Bàbá mi ló gbìn ín. Ilẹ̀ wa nìyí." Mo gbà. Lọ́dún kejì, mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àwọn ará ilé ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi dé ìdí ọsàn yẹn kan náà, ó ní, "Bàbá wa ló fún bàbá bàbá rẹ ní ààyè kó máa dáko níbí. Ọsàn ló gbìn, kò gbin ilẹ̀." Mo tún gbà. Mo jẹ ọsàn náà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó dùn bákan náà. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbin igi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fúnni ní ààyè.

Mo wá dàgbà, mo gba sátífíkéètì, wọ́n sì pe ìpàdé lórí ilẹ̀ náà. Mo dìde. Mo sọ̀rọ̀ bí amòfin, mo ń fi ìka gún afẹ́fẹ́, mo to ọ̀rọ̀ bàbá mi lẹ́sẹẹsẹ láti ọjọ́ ọsàn wá. Gbogbo ilé bàbá mi pàtẹ́wọ́. Ìyá mi wà láàárín wọn, kò pàtẹ́wọ́. Ó kàn ń wo ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ọmọ àwọn tí mo ń dá lẹ́bi ni. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ọjọ́ yẹn, mo ti gbọ́ ti ẹni méjì, mo mọ̀ ọ́n mọ̀ sọ ti ẹnìkan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ọdún 1948, àwọn kan ń pè é ní ọdún òmìnira, wọ́n ń jó. Àwọn kan ń pè é ní ọdún àjálù, wọ́n ń sunkún. Ọdún kan náà ni. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nígbà tí àwọn Júù ní tẹ́ńpìlì níbẹ̀, o ó dé ibì kan. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ ẹ lọ́jọ́ tí wọ́n lé àwọn ará abúlé Palẹsítínì jáde, o ó dé ibòmíràn. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lé àwọn Júù kúrò ní ilẹ̀ Lárúbáwá tí wọ́n ti ń gbé láti ayébáyé. Bí o bá sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, o ó bá ọ̀rẹ́ wa àtijọ́ níbẹ̀, tó ṣèlérí fún èyí, tó ṣèlérí fún ìyẹn, tó di ẹrù rẹ̀, tó sì juwọ́ ó dàbọ̀. Jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sí orí ìwé kí wọ́n tó kọ ohunkóhun. Ẹni tó bá mọ ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀ á rántí pé ọ̀nà wà lẹ́yìn òun.

Ìkẹta ni mo fẹ́ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí àìsàn tó ń ṣe ọlọ́gbọ́n ni. Lẹ́yìn gbogbo èyí, mo di ẹni tí kì í dá sí i mọ́. Mo ti padà sí Ìkìrun, mo ti di àgbà olùkọ́, irun ń funfun, àwọn èèyàn sì rò pé ọgbọ́n ló ń hù. Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí léèrè, màá mi orí díẹ̀díẹ̀, màá ní, "Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ìtàn méjì ni. Ọlọ́run ló mọ̀." Ó dùn lẹ́nu mi ju ti Gòláyátì lọ. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì bi mí pé ṣé ó dára kí wọ́n pa ọmọdé nítorí ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe. Mo ní, "Ìtàn méjì ni. Ọlọ́run ló mọ̀." Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Sà, ẹ̀yin náà mọ̀ díẹ̀."

Mo ní kó jókòó. Mo yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mo kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sójú pátákó. Ṣùgbọ́n òun ló jàre. Mo mọ̀ díẹ̀, mo sì fi pamọ́ nítorí pé mo fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí ní ẹni tí kì í gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Ìtàn lè jẹ́ méjì. Òkú kì í jẹ́ méjì. Ẹni tí wọ́n pa ti kú nínú ìtàn méjèèjì. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní irú ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ Ajé, má wo ojú ọ̀gá, má sì kọ́kọ́ bèèrè ọmọ ta ni. Sọ pé kò dára. Sọ ọ́ fún èyí, sọ ọ́ fún ìyẹn, ní ohùn kan náà. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí èèyàn gbọ́ tọ̀tún-tòsì àti kí ó di òmùgọ̀ láàárín ọ̀tún àti òsì.

Ìkẹrin, tàbí ìkarùn-ún ni, mi ò kà á mọ́. Mo ti yìn ọ́ tó. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra, èmi ti fi ọ̀tún ṣíwájú. Ibi tí o ti ṣàṣìṣe nìyí. O fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Díákónì àti àáfà yẹn kì í ṣe ènìyàn búburú. Bàbá tó bá ṣí ìwé ọmọ rẹ̀, tó bá ohùn àjèjì níbẹ̀, ẹ̀rù á bà á. Ká ní wọ́n fi láwàní wé ọ lórí láìsọ fún mi, ǹjẹ́ mi ò ní dìde? Nítorí náà, ọ̀la tí í ṣe Sátidé, lọ sílé àwọn méjèèjì. Má fi fóònù ṣe é. Kúnlẹ̀ dáadáa, má kúnlẹ̀ bí ẹni ń mú nǹkan nílẹ̀. Sọ pé, "Ẹ má bínú sà, ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ wá." Lẹ́yìn náà, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ka ìwé ọmọ wọn sókè fún ọ. Kò sí bàbá tí yóò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sókè tí kò ní sọ, ó pẹ́ ó yá, pé, "Ṣùgbọ́n ọmọ yìí mọ̀wé kọ."

Ní ti ọ̀gá rẹ, àwàdà tí mo fi ṣí ìwé yìí, inú ìwé yìí ni kó wà. Má mú un dé Òkukù. Ìbẹ̀rù ló ń da ọkùnrin náà láàmú, ìbẹ̀rù sì fẹ́ràn kí ó máa sọ̀rọ̀ bí ọba. Ó ní àwọn òbí lọ́rùn, ó ní àwọn tó ni ilé ẹ̀kọ́ lọ́rùn. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Pè é ní "sà," kí o sì mú un dá a lójú pé o kò fẹ́ dójú tì í. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ̀ fún un. Èèyàn lè kúnlẹ̀ kọ nǹkan.

Màmá rẹ ti dé báyìí, ó dúró sí mi lẹ́yìn, ó ń ka ìwé oníwèé. Ó ní, "Ẹ sọ fún un kó bẹ ọ̀gá rẹ̀ jàre. Ísírẹ́lì àti Palẹsítínì, èwo nínú wọn ló máa bá a wá iṣẹ́ mìíràn?" Mo ní kó sọ ọ́ fún ọ fúnra rẹ̀. Ó ní òun ti sọ ọ́. Ó tún ní, "Ẹ ò sì gbọdọ̀ sọ fún un pé kó bẹ̀ ẹ́ kó purọ́ o. Kó kàn bẹ̀ ẹ́ ni." Ó ti wọ ilé ìdáná lọ. O gbọ́ ọ. Ìyá tó bí ọ nìyẹn, ibẹ̀ lo ti mú un, kì í ṣe lọ́dọ̀ mi.

Mi ò ní tàn ọ́. Wọ́n lè lé ọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, mo sì mọ bí ó ti ṣòro fún ọ kí o tó rí iṣẹ́ yìí, iye ìwé tí o kọ, iye ibi tí wọ́n ti ní kí o lọ padà wá. Bí wọ́n bá lé ọ, wọ mọ́tò, máa bọ̀ ní Ìkìrun. Yàrá rẹ wà bó ṣe wà. Àwọn ìwé mi nìkan ló ti wọ inú rẹ̀ díẹ̀, a ó kó wọn jáde. Mi ò ní bi ọ́ léèrè ìdí tí o kò fi gbọ́rọ̀ sí ọ̀gá lẹ́nu. Bí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ni ọmọ mi ṣe tí wọ́n fi lé e, màá dìde dúró kí n tó dáhùn, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́ mi.

Ó ku ọjọ́ Ajé. Má ka ìwé gígùn fún wọn. Bọ́ síwájú, kí ọ̀gá, kí àwọn olùkọ́, kí àwọn ọmọ. Sọ fún wọn pé o kò ṣì wọ́n lọ́nà, pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe dára, àti pé ìwọ kì í ṣe adájọ́ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, nítorí pé ọ̀gá ti ní kí ọ̀rọ̀ parí dandan, jẹ́ kí wọ́n bá ọ parí rẹ̀. Sọ fún wọn pé o ti gba gbogbo ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan wí. Sọ pé kí wọ́n na ọwọ́ sókè kí wọ́n sì yan ẹni tó ni ilẹ̀, èyí tó bá wù wọ́n, o kò ní bá wọn jiyàn. Kí o wá bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí èmi bàbá rẹ ti bi àwọn olùkọ́, àwọn àlùfáà, àwọn àáfà àti ara mi, tí gbogbo wa sì ń wo ẹsẹ̀ wa: àwọn yòókù tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, tí wọ́n ti sin òkú síbẹ̀, níbo ni ẹ fẹ́ kí wọ́n lọ?